Ikọ́ Inú Àwo Orin

Ọjọ́ tí rédíò fẹ́ gbé ikọ́ bàbá náà sáfẹ́fẹ́, kò sẹ́ni tó ṣiṣẹ́ gidi ládùúgbò. Ilé iṣẹ́ rédíò ti kéde pé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn máa sọ̀rọ̀ lórí àwọn àwo orin tó lókìkí jù lọ lọ́dún 1972. Bàbá atúnrédíò-ṣe sì ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń sọ fún wọn pé òun wà nínú ọ̀kan lára wọn. Kò kọrin níbẹ̀. Kò lùlù. Kò fọn fèrè. Ó wúkọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Bàbá Ikọ́, orúkọ tó dùn mọ́ ọn nínú ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó múlé tì í ni wọ́n péjọ sí. Rédíò tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ikọ́ pọ̀ dé òrùlé, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó ń sọ̀rọ̀ nínú wọn.

Onígbàjámọ̀ fá orí oníbàárà kan dé ìdajì, ó dáwọ́ dúró. Orin bẹ̀rẹ̀. Fèrè wọlé, gìtá tẹ̀ lé e, obìnrin tó ń kọrin gbé ohùn sókè. Bàbá Ikọ́ dìde, ó na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ dá ọkọ̀ dúró.

"Ẹ dákẹ́! Mo ń bọ̀! Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé!"

Ibẹ̀ gan-an ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ti rẹ orin sílẹ̀, tó ní, "Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ ò rí i bí orin yìí ṣe mọ́ tónítóní?" Nígbà tó máa fi gbé orin sókè padà, ikọ́ ti kọjá lọ.

Bàbá Ikọ́ dé fìlà, ó kọrí sí ilé iṣẹ́ rédíò. Ẹ̀ṣọ́ dá a dúró lẹ́nu géètì.

"Lọ bá mi pe ọ̀gá yín wá. Wọ́n sọ̀rọ̀ lé mi lórí."

"Ẹ má bínú, bàbá. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ orin yẹn ni?"

"Rárá o."

"Àbí ẹ̀yin lẹ ta gìtá?"

"Mi ò mọ gìtá ta."

"Kí wá ni tiyín níbẹ̀, bàbá?"

"Èmi ni ikọ́."

Ẹ̀ṣọ́ náà wò ó títí, ó wọlé lọ, ó sì bu omi jáde fún un.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀ rèé, àbí ká kúkú ní bí ẹni tó ni ín ṣe máa ń sọ ọ́. Lọ́dún náà, ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ oníná kan. Ẹgbẹ́ olórin kan ń gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ilé káfíńtà. Wọ́n to tìmùtìmù mọ́ ògiri, wọ́n ti fèrèsé, wọ́n pa fáànù kí ariwo rẹ̀ má bàa wọlé. Gbogbo ètò ti tò, àfi wáyà kan lẹ́yìn ẹ̀rọ tí kò fẹ́ dúró sójú kan. Bí ẹnì kan ò bá dì í mú, ohùn á lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó kúnlẹ̀ síbẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì di wáyà yẹn mú. "Bí o bá tú u sílẹ̀, orin parí," lọ̀gá wí. Téèpù tó kù ò sì lè gbà ju orin ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Wọ́n kọ ọ́ dé àárín, ó ń dùn bí nǹkan míì, ni eruku pákó bá gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé láti ọ̀dọ̀ káfíńtà.

"Ọwọ́ wo ni kí n fi bo ẹnu?" Bàbá Ikọ́ á wá bi àwọn tó ń gbọ́. "Ẹ sọ fún mi! Ọ̀tún wà lórí wáyà, òsì wà lórí wáyà. Mo gbé ikọ́ yẹn mì. Ó padà wá. Mo tún gbé e mì. Ó lọ pe àbúrò rẹ̀ wá!"

Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọn ò lè tún orin náà kọ, ikọ́ sì bá a wọnú àwo.

Ìtàn yìí ò dúró sójú kan. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní kékeré, ikọ́ lásán ni. Nígbà tọ́mọ náà di olùkọ́, ikọ́ ti ń mi ògiri. Nígbà tí irun bàbá máa fi funfun tán, onílù ti ń yí ìlù padà kí ó lè bá ikọ́ mu.

"Ẹ̀gbọ́n," onígbàjámọ̀ wí, "ikọ́ yìí ti dàgbà o. Ẹ wá ìyàwó fún un."

Páálí àwọn àwo orin tó lókìkí lọ́dún yẹn ni Bàbá Ikọ́ kàn mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: èyí tí àwọn ọkùnrin mẹ́fà gun àkàbà kan, èyí tí obìnrin kan wọ bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tó dúdú látòkè délẹ̀ tí wọn ò kọ nǹkan kan sí. Bí o bá gbé rédíò wá tún ṣe, wàá kọ́kọ́ sọ èyí tó dáa jù nínú wọn kó tó béèrè ohun tó ṣe rédíò rẹ. Kì í bú ìkankan nínú wọn o. Ó gbà pé iṣẹ́ ọlọ́pọlọ ni gbogbo wọn. Àbùkù kan ṣoṣo tó rí lára àwọn yòókù ni pé wọn ò ní ikọ́.

Ohun tó wá dun èèyàn ni pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ba ẹ̀rí ara rẹ̀ jẹ́. Kì í jẹ́ kí àwo yẹn kọrin látìbẹ̀rẹ̀. Àlejò tó bá ti wọlé, ojú ikọ́ ló máa gbé abẹ́rẹ́ lé, ó ń gbé e lé e, ó ń gbé e lé e, títí ibẹ̀ fi jẹ. Nígbà tó yá, bí abẹ́rẹ́ bá ti dé ibẹ̀, ó máa fò ó ni. Bàbá Ikọ́ ò jẹ́ kí ìyẹn da òun láàmú. Bí abẹ́rẹ́ bá ti fò báyìí, á wúkọ́ fúnra rẹ̀ láàyè ibẹ̀, á sì máa wo ojú àlejò bóyá ó gbọ́.

Àwọn èèyàn máa ń pàtẹ́wọ́. Onígbàjámọ̀ nìkan ni kì í pa á. Àní bí bàbá bá wúkọ́ gidi, tí gbogbo èèyàn ń sọ pé "pẹ̀lẹ́, bàbá", onígbàjámọ̀ kì í kí i. Á yọrí lójú fèrèsé, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí náà wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù?"

"Gbájú mọ́ orí olórí tó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ!"

"Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a, ẹ̀gbọ́n."

"Òótọ́ ni tèmi. Abẹ́rẹ́ ló ń fò ó."

Ó ṣe, wọ́n tún àwo náà gbé jáde, ó wá di síìdì pẹlẹbẹ tó ń dán. Ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ rà á wá láti ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá Ikọ́ lọ fa onígbàjámọ̀ lọ́wọ́ wá láti ṣọ́ọ̀bù, ó fi í jókòó sórí àga tó dáa jù nínú pálọ̀. "Lónìí lo máa tọrọ àforíjì," ló wí.

Orin bẹ̀rẹ̀. Fèrè wọlé, gìtá tẹ̀ lé e. Bàbá na ọwọ́ sókè. Ojú ikọ́ dé, ó sì kọjá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n dá orin náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ọmọ rẹ̀ gbé ìdérí síìdì náà, ó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀: wọ́n ti fi ẹ̀rọ yọ gbogbo ariwo tí kò yẹ kúrò nínú orin.

Onígbàjámọ̀ ti lanu láti sọ tẹnu rẹ̀. Ó wo ojú bàbá, ó pa ẹnu dé.

"Ariwo tí kò yẹ," Bàbá Ikọ́ wí. "Ẹ lọ wo ẹ̀yìn páálí àwo yẹn ní ṣọ́ọ̀bù mi. Orúkọ afọnfèrè wà níbẹ̀. Orúkọ onílù wà níbẹ̀. Ẹni tó ya fọ́tò, orúkọ tiẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì bá wa dé yàrá yẹn rárá! Gbogbo rédíò tí mo ti tún ṣe láyé mi, níbo ni wọ́n wà? Ààtàn. Mi ò bá olórin du orin. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ pé mo wà níbẹ̀ ni."

"Bàbá ọmọ mi, èmi gbà yín gbọ́," ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ìyàwó mi ni ọ́. Wọn ò lè ka ẹ̀rí tìẹ kún." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú.

Látọjọ́ yẹn, kò sí orí tó bọ́ sábẹ́ kílípà onígbàjámọ̀ tí kò ní bi ẹni tó ni ín bóyá wọ́n ní ògbólógbòó àwo orin yẹn nílé. Kò sọ fún Bàbá Ikọ́. Kò sì jáwọ́ nínú yẹ̀yẹ́ ojú fèrèsé, torí bó bá jáwọ́, ẹ̀gbọ́n á fura.

Bàbá Ikọ́ kú láàárọ̀ ọjọ́ kan, lórí àga iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú rédíò oníbàárà lórí itan. Ìyàwó rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ní òun ò gbọ́ kó wúkọ́ rárá. Nígbà tí wọ́n máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, rédíò orí itan rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ fatafata.

Wọ́n ti sin ín, wọ́n ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe, kí bíríkìlà kan tó wá gẹrun. Onígbàjámọ̀ béèrè ohun tó máa ń béèrè. Bíríkìlà ní ìyá òun ní irú àwo yẹn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá òun ló rà á lọ́dún tó jáde, ṣùgbọ́n gíràmafóònù wọn bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó rà á gan-an, wọn ò sì tún un ṣe mọ́. Onígbàjámọ̀ pa kílípà. Ìdajì orí bíríkìlà ṣì kún fún irun nígbà tí àwọn méjèèjì kánjú gba títì lọ.

Aṣọ funfun tó máa ń so mọ́ oníbàárà lọ́rùn ló fi wé àwo náà wọ ilé olóògbé. Ọmọ bàbá wà nílé. Opó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀. Wọ́n gbé àwo lé gíràmafóònù bàbá fúnra rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó kọ látìbẹ̀rẹ̀. Fèrè wọlé, gìtá tẹ̀ lé e, obìnrin tó ń kọrin gbé ohùn sókè. Opó ò mọ̀gbà tó na ọwọ́ sókè.

Ó dé. Ikọ́ kékeré kan ni. Kò mi ògiri, onílù ò sì yí ìlù padà fún un. Ikọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, tó ti ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe kó má bàa wú u. Ọmọ rẹ̀, tí kò mọ bàbá nígbà tí bàbá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, bú sẹ́rìn-ín, kó tó mọ̀, ó ti ń sunkún. Opó kàn ń mi orí. Ohùn ò lọ. Orin ń bá tirẹ̀ lọ.

Onígbàjámọ̀ ṣí fìlà lórí.

"Pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n," ló wí.