Ọjọ́ Tí A Fi Ìbéèrè Dá Àwọn Alágbàtà Ṣíà Dúró

Kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Epo pẹtiróòlù ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀wọ́n gógó nígbà náà, a wá ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìlúpéjú dé Múṣin, a ń pè é ní eré ìdárayá. Èmi ni alága ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì kan. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ ò bá wa níbẹ̀ nígbà tí a dáṣẹ́ sílẹ̀ títí àwọn eku ilé-iṣẹ́ náà fi rù, tí wọ́n kó ẹrù wọn lọ sílé búrẹ́dì tó wà ní òdìkejì. Mo fojú mi rí wọn. Ṣùgbọ́n ìjà tí mo fẹ́ sọ yìí, a ò pariwo rárá.

Làmídì ni ọ̀rọ̀ náà dé bá. Èmi àti ẹ̀ la jọ dúró ti ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun fún ọdún gbọọrọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ó sì fi í síkàáwọ́ ilé-iṣẹ́ alágbàtà kan ní Yábàá, àwọn tó ń báni rà á tí wọ́n sì ń báni tà á. Òun àti Ìyá Rísì, ìyàwó rẹ̀, ti fẹnu kò pé àwọn ò ní fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kan òrùlé ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọjọ́ òrùlé pé, Rísì ọmọ wọn lọ béèrè. Wọ́n ní wọ́n ti tà á.

"Ta ló tà á?" Ìyá Rísì bi ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo wa nílé wọn ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.

"Èmi kọ́ o."

Èmi aláwàdà bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá Rísì, ẹ lọ bi ìyàwó tó gbé sí Àgùdà!"

Mi ò mọ ẹnì kankan ní Àgùdà. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò bá Làmídì sọ̀rọ̀ mọ́, àwọn ọmọ sì ń kí i bí ẹni ń kí àlejò. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, báwo ni nǹkan ẹni ṣe ń dé ọjà tí ẹni tó ni ín sì wà nílé? Mo fẹ́ mọ̀. Èmi tí ìwé mi ò kọjá Pámárì Fáìfù, mo tẹ̀ lé Làmídì lọ sí Yábàá.

Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́, tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Wọ́n ta ṣíà Làmídì, wọ́n fi ra òmíràn, wọ́n ta ìyẹn náà, wọ́n tún ra òmíràn, bí ẹni ń ta ayò. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tà tàbí rà, ilé-iṣẹ́ ń yọ kọ́míṣọ̀n tirẹ̀. Èyí tó kù ò lè ra páànù méjì.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ tà á?" mo bi í.

"Bàbá, a fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sórí fóònù wọn nígbà kọ̀ọ̀kan. Wọn ò ṣàròyé. Wọ́n fara mọ́ ọn nìyẹn."

Làmídì yọ fóònù rẹ̀. "Háà! Mo rò pé àwọn gbájúẹ̀ tó máa ń sọ pé mo ti jẹ ẹ̀bùn mọ́tò ni. Mi ò kì í ṣí wọn."

"Ìwé tó fi pàṣẹ dà?" mo tún bi í.

Kò sí. "Ọmọ iṣẹ́ wa kan ló dá a ṣe, bàbá. Ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Òun ni kẹ́ ẹ wá lọ."

"Ẹ gbọ́, ọ̀gá wa. Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ṣé tábìlì yín kọ́ ló jókòó sí ni? Kọ́míṣọ̀n yẹn, àpò ta ló wọ̀?"

Ó ní òun ń lọ sí mítínì.

Bí mo ṣe ń jáde ni mo rí ìwé kan lára ògiri: wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fọ́ọ̀mù fún oníbàárà, lédè tó yé e, kó tó fọwọ́ sí i. Inú mi dùn. Nílé-iṣẹ́ bísíkíìtì, bí ọ̀gá bá le jù, nígbà mìíràn a kì í dáṣẹ́ sílẹ̀. A óò kàn tẹ̀ lé gbogbo òfin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìfo ìkankan. Kò sí ẹ̀rọ tí í sáré lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ajé, àwa arúgbó tò sẹ́nu ọ̀nà wọn, a ní a wá ṣí àkáǹtì. Ìlà wa gùn dé Ojúẹlẹ́gba. Ó dáa, ó gùn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èmi ni mo kọ́kọ́ jókòó.

"Ẹ fọwọ́ síbí, bàbá," ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn wí.

"Kà á fún mi ná. Lédè Yorùbá."

Ó ń làágùn, ó ń túmọ̀. Làmídì na ọrùn wò ó láti ẹ̀yìn mi: "Ṣé ó wà níbẹ̀ pé ẹ lè tà á láìbi mí?"

"Rárá o, bàbá. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ pàṣẹ."

"Sọ ọ́ sókè, káwọn ará ẹ̀yìn gbọ́!"

Ó sọ ọ́ sókè. Àwọn oníbàárà mìíràn tó jókòó níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yọ fóònù, wọ́n ń ka tẹ́ẹ̀sì àtijọ́. Arúgbó mẹ́ta péré ni wọ́n dá lóhùn lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì, méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá pè wá wọlé.

"Ẹ̀yin bàbá, kí lẹ fẹ́ gan-an?"

Mo ti ń la ẹnu láti sọ̀rọ̀ ṣíà. Làmídì gbà á mọ́ mi lẹ́nu: "Lẹ́tà ni kó ṣáájú. Ẹ kọ ọ́ pé èmi kọ́ ni mo tà á."

Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n sì ra ṣíà padà fún un, ṣùgbọ́n kò pé bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ọjà ti gbówó lórí. Títí dòní, yàrá méjì nínú ilé Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì ń wo ojú ọ̀run. Ẹni tó tà á, a ò rí i. Iye oníbàárà tí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún, wọn ò sọ. Ìyẹn ṣì wà lọ́rùn wọn, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fóònù ra ṣíà lẹ máa bá wa béèrè rẹ̀.

Rísì ka lẹ́tà náà sókè nílé. Ìyá rẹ̀ ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọkọ rẹ̀: "Àgùdà ńkọ́?"

Làmídì wò mí. "Ilé-iṣẹ́ ti kọ tiwọn. Tìrẹ dà?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní màá kọ ọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sún un síwájú. Ìyá Rísì, kò sí ìyàwó kankan ní Àgùdà. Èmi ni mo purọ́, ẹnikẹ́ni ò rán mi. Mo fọwọ́ sí i.