Ìyá Mi Kì í Dáhùn Lórí Ìrìn

Àbúrò mi ọkùnrin gbà pé òun gbọ́n. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe ní Àkúrẹ́, ó ti di ọ̀gá níbẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí kò mọ̀, títí kan bó ṣe yẹ kí arúgbó máa rìn.

Èmi àti ìyá wa la jọ ń gbé ilé bàbá wa ní Oǹdó. Nígbà tí màmá lé ní ọgọ́rin ọdún, mo kíyè sí i pé bí a bá jọ ń rìn, tí mo bá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ dúró. Wọ́n á fọwọ́ lé ògiri, wọ́n á dá mi lóhùn tán, kí wọ́n tó tún gbẹ́sẹ̀. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́ ilẹ̀ wò. Mo yáa kọ́ bí a ṣe ń panu mọ́ lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Àbúrò mi ò kọ́ ọ. Bó bá wá lọ́jọ́ Àìkú, iwájú ni yóò máa lọ, tí yóò máa da ìbéèrè sẹ́yìn bí ẹni ń da àgbàdo fádìẹ. Bí màmá bá dúró, á pòṣé. Ó ní ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Ó tilẹ̀ ń kọ́ wọn bí wọn ó ṣe máa ju apá, òun tó jẹ́ pé mọ́tò ló fi ń lọ ra búrẹ́dì.

Lọ́jọ́ kan tí a ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, màmá ti gbẹ́sẹ̀ kan lé pákó orí gọ́tà iwájú ilé wa, ni àbúrò mi bá bi wọ́n pé ta ni oko rẹ̀ bá tiwa pààlà ní Bọ́lọ́rundúró. Mo ní kó dákẹ́. Ó tún bi wọ́n, ó gbóhùn sókè, àfi bíi pé etí màmá ló di. Ibi tí wọ́n ti ń wá orúkọ náà lọ́kàn ni ẹsẹ̀ kejì ti tàsé pákó. Inú gọ́tà la ti fà wọ́n jáde. Ọwọ́ wọn kán.

Àbúrò mi ọ̀gá ní ayé ló tì wọ́n. Ilé àdúrà ló fẹ́ gbé wọn lọ. Nígbà tí wọ́n ti di ọwọ́ màmá nílé ìwòsàn, mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Àkúrẹ́. Dókítà ní awọ funfun ti bo ẹyinjú wọn. Ó ní arúgbó tí kò bá ríran dáadáa, ọpọlọ rẹ̀ ló ń bá ojú ṣiṣẹ́ bó bá ń rìn. Bí a bá tún di ẹrù ọ̀rọ̀ lé e, ẹsẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀. Àbúrò mi ń mi orí, bí ẹni pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú náà, ọwọ́ sì jinná. Màmá ń rí gọ́tà báyìí, wọ́n sì ń rìn gbọn-in gbọn-in, ṣùgbọ́n bí a bá bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ṣì máa ń dúró. Ọjọ́ Àìkú tí a kọ́kọ́ jáde, àbúrò mi tún bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Màmá dúró, wọ́n wò ó.

"Bó o bá fẹ́ bi mí ní nǹkan, wá jókòó tì mí nílé. Ẹsẹ̀ mi ni mò ń gbọ́ lójú ọ̀nà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣe bí ẹni pé àwàdà ni. Láti ìgbà náà, mọ́tò ló ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwa sì ń fẹsẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Mo gbọ́ pé ó ń sọ fún àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ pé òun lòun gba ojú ìyá òun là. Mi ò bá a jiyàn. Ta ló ráyè rẹ̀?