Ìrókò Pápá Chinda

Ẹ̀rù igi kì í bà mí. Ti Pápá Chinda nìkan ló bà mí.

Ọ̀gá mi, ará Ìjẹ̀bú, ṣẹ̀ṣẹ̀ tú mi sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ káfíńtà nígbà náà. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mile 3, ní ilẹ̀ Ikwerre, kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Ayùn, òòlù, ìfági àti ṣísẹ́lì ni mo ní. Pápá Chinda, bàbá Ikwerre kan láti Rumuodara, gbé pákó ìrókò wá. Ìyá rẹ̀ ló gbin igi náà. Ilẹ̀kùn lúfà ló fẹ́, èyí tí pákó pẹlẹbẹ máa ń jókòó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ léra wọn, kí atẹ́gùn lè wọlé, kí òjò má wọlé.

"My pikin, na only this one remain o. If you spoil am, e don finish."

"Pápá, I no go spoil am, sah."

Ẹnu lásán ni.

Òpó méjì ni ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ní. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí a bá gbẹ́ sára tọ̀tún, tí pákó pẹlẹbẹ máa wọ̀, gbọ́dọ̀ kọjú sí ti òsì. Bí a bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí méjèèjì fì sí ọ̀nà kan náà, igi ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá mi máa ń tẹ́ òpó méjèèjì sílẹ̀ bí ìwé tí a ṣí, kí ilà wọn lè pàdé bí òrùlé. Èmi náà tẹ́ wọn síta, mo fa ilà sára ọ̀kan, ni òjò bá dé. Nínú ṣọ́ọ̀bù, àyè kò gba méjèèjì. Mo bá fa ilà èkejì lóun nìkan, mo sì gbé ayùn lé e.

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ayùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ha igi lára ni ìbẹ̀rù mú mi dúró. Mo gbé òpó méjèèjì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀nà kan náà ni ilà wọn dorí kọ!

"Wetin happen?" Pápá, tó jókòó ti iṣẹ́ náà, bi mí látorí àga.

"I dey check am, sah."

Mo fi ìfági fá ilà náà kúrò, mo fa òmíràn. Mo fi ayùn tọ etí ilà méjèèjì, mo fi ṣísẹ́lì kó àárín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. N kò lè jẹun títí iṣẹ́ náà fi parí.

Nígbà tí mo gbé ilẹ̀kùn náà kọ́ nílé rẹ̀, Pápá ṣí i, ó tì í, ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Pákó ìrókò mìíràn fara ti ògiri níbẹ̀.

"Na the same tree. If I tell you, you for no fear am."

Mo jókòó sílẹ̀. Inú bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. Títí dòní, bí oníbàárà bá ń sọ fún mi pé igi mìíràn wà nílé, mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.