Àdúgbò Tí Nǹkan Kàn Ń Sọnù

Ìwé ìjọba sọ pé olè kò pọ̀ ládùúgbò wa. Èmi gan-an ni wọ́n ní kí n túmọ̀ ìwé náà lójú gbogbo ènìyàn, inú tó bí mi lọ́jọ́ náà kò sì tíì rọ̀ títí di òní.

Ẹ̀yìn Ìjẹ̀gùn là ń gbé, níbi tí ọ̀dà ti tán, tí ọlọ́kadà fúnra rẹ̀ máa ń bẹ̀ ọ́ pé kí o sọ̀ kalẹ̀ kí o fẹsẹ̀ rìn díẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà láàárín ilé sí ilé. Apá kan jẹ́ àbàtà, apá kejì jẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń gé tà ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì. Bí wọ́n bá ń pe ibẹ̀ ní Èkó, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Abúlé ni wá, abúlé tó ń san owó iná Èkó.

Aládùúgbò mi, tí ògiri kan ṣoṣo pín yàrá òun àti tèmi níyà, jẹ́ obìnrin aránṣọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Olè wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n gbé maṣíìnì tó fi ń ṣiṣẹ́ jù lọ, wọ́n mú fóònù tí àwọn oníbàárà fi ń pè é. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi padà wá, wọ́n kó aṣọ oníbàárà lọ. Ó sọ fún mi lójú ọ̀nà pé, "Àbúrò mi, wọ́n ní ìjọba fẹ́ kọ́ àgọ́ ọlọ́pàá síhìn-ín. Bó bá wá, mo dúró. Bí kò bá wá, ilé yá. Mi ò lè máa ránṣọ fún olè wọ̀."

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àgọ́ náà. Ẹyọ kan ni wọ́n fẹ́ kọ́, bóyá sọ́dọ̀ wa, bóyá sọ́dọ̀ àwọn ará ẹ́sítéètì tó wà létí títì. Wọ́n ní ibi tí ìwà ọ̀daràn bá ti pọ̀ jù ni yóò lọ. Ìyẹn tọ́. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálẹ̀ ni wọ́n pe ìpàdé sí, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan mú ìwé ìṣirò wá láti àgọ́ ńlá. Baálẹ̀ ní kí n bọ́ síwájú, nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé irú ìṣirò yìí gan-an ni mo kà ní yunifásítì.

Mo wò ó. Níbi tí wọ́n kọ olè jíjà sí, nǹkan táṣẹ́rẹ́ báyìí ló wà níwájú orúkọ wa. Ti ẹ́sítéètì ju tiwa lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n kọ "ohun tó sọnù" sí, àwa la gbégbá orókè. Fóònù sọnù, ó dáa. Pọ́ǹpù omi sọnù. Jẹnẹrétọ̀ sọnù. Maṣíìnì ìránṣọ sọnù.

Mo ní, "Ọ̀gá, báwo ni jẹnẹrétọ̀ ṣe ń sọnù? Ṣé ó bọ́ lápò ẹni tó ni ín ni?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ohun tí wọ́n bá wí là ń kọ."

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n aránṣọ, mo bi í ní ohun tó sọ ní kántà àwọn ọlọ́pàá. Kò fi pamọ́. Ó ní òun fẹ́ gba nọ́ńbà òun padà ni, ilé iṣẹ́ fóònù sì ní kí òun mú ìwé ọlọ́pàá àti ìwé ìbúra kóòtù wá. "Mo débẹ̀, mo ní wọ́n jà mí lólè. Wọ́n ní ta ni mo fura sí? Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní kí n lọ wádìí ẹ̀ wá, kí n sì wá mọ́tò tí wọ́n máa fi lọ mú un. Obìnrin kan tá a jọ jókòó ló ní, 'Màámi, ẹ sọ pé ó sọnù jàre, kẹ́ ẹ máa lọ sílé yín.' Mo ní ó sọnù. Kíá ni wọ́n kọ ọ́."

"Maṣíìnì yẹn ńkọ́?"

"Mo ṣáà ti ní fóònù sọnù. Ṣé kí fóònù sọnù, kí wọ́n wá jí maṣíìnì nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, lọ́jọ́ kan náà?"

Mo mọ ibi tí ẹ̀bi wà. Ti ọlọ́pàá kántà ni, tó ní kí ẹni tí wọ́n jà lólè máa bá òun ṣiṣẹ́ òun. Ti ẹni tó to ìwé náà ni, tó rí odidi maṣíìnì irin láàárín ohun tó sọnù tí kò sì yà á lẹ́nu. Ó ku ti èdè wa, tí mi ò mọ bí mo ṣe lè fẹ̀sùn kàn án. "Jí" máa ń wá ẹni tó jí nǹkan. "Sọnù" kì í wá ẹnikẹ́ni. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ máa ń ju ti olè lọ, torí pé gbogbo ayé ni yóò máa fura sí. Nítorí náà, a kì í fura, a kì í dárúkọ. A ó ní ó sọnù, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò.

Mo fi sùúrù sọ fún ọ̀gá náà pé nọ́ńbà inú ìwé yìí kì í ṣe iye olè, iye ẹnu tó pè é ní olè ni. Àwọn ará ẹ́sítéètì ní lọ́yà, wọ́n ní mọ́tò, bí wọ́n bá jí bàtà lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọn á fẹjọ́ sùn. Kí ó ro iye ohun tó sọnù lọ́dọ̀ wa pọ̀ mọ́ iye olè, kí ó wá wo ẹni tó ṣíwájú.

Ó yé e. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó yé e. Ó ní, "Mi ò lè dá yí i. Kí àwọn tó ni nǹkan wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí wọ́n sọ pé jíjí ni wọ́n jí i. Màá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo kọjú sí àwọn ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n aránṣọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè. "Àbúrò mi, mo ti fi Kùránì búra ní kóòtù pé ó sọnù. Ṣé kí n tún lọ fi Kùránì kan náà búra pé wọ́n jí i?"

"Ẹ̀gbọ́n, ti àkọ́kọ́ ni kì í ṣe òótọ́."

"Mo mọ̀. Mo ṣì ń tọrọ àforíjì lórí ìyẹn. Mi ò ní búra lẹ́ẹ̀kejì lórí ọ̀rọ̀ kan náà."

Ó mọ ohun tí yóò ná òun. Kò sí ẹni tó fẹ́ àgọ́ yẹn jù ú lọ.

Baálẹ̀ wú ikọ́ díẹ̀. "Ọmọ yunifásítì, o ṣeun, jókòó. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pe ilẹ̀ bàbá wa ní ibùba olè ni? Ta ló máa wá rà á?"

"Ọmọ yunifásítì náà kúkú lè rà á," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn, "tẹ́ ẹ bá ń gba sátífíkéètì dípò owó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an. Ìpàdé parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ jókòó sí àgọ́ ńlá láti àárọ̀, bóyá ẹnì kan á yí ọkàn padà. Kò sẹ́ni tó wá. Nígbà tó yá, ọlọ́pàá kántà bi mí pé, "Ẹ̀yin náà, kí ló sọnù lọ́wọ́ yín?" Mo ní kò sí nǹkan tó sọnù. Ó ní kí n máa lọ sílé nígbà náà.

Mo kọ̀wé ẹ̀sùn sí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá tó ga jù wọ́n lọ. Ohun tí wọ́n fi fèsì ni pé àwọn kí àdúgbò wa kú oríire fún àlàáfíà tó wà níbẹ̀. Baálẹ̀ ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ìwé ìkíni náà. Ó ń fi han àwọn tó bá wá wo ilẹ̀. Àgọ́ náà ti wà létí títì báyìí, lẹ́nu géètì ẹ́sítéètì, wọ́n ti kùn ún.

Ẹ̀gbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó dá aṣọ tí kò tíì rán padà fún àwọn tó ni wọ́n, ó gbé maṣíìnì tó kù sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan, èmi ni mo bá a di okùn rẹ̀. Mo ní kí ó dárí jì mí, pé gbogbo ìwé tí mo kà kò wúlò fún un. Ó ní, "O ṣáà gbìyànjú. Máa ti ilẹ̀kùn rẹ dáadáa."

Àwọn oníbàárà rẹ̀ mìíràn kò gbọ́ pé ó ti lọ. Wọ́n ṣì ń di aṣọ dání wá, wọ́n á kan ilẹ̀kùn títí, wọ́n á wá yíjú sí tèmi. Mo máa ń sọ fún wọn pé ó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ló lé e lọ, mo máa ń sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdájì ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì máa ń gbọ́ kí wọ́n tó béèrè ibi tí àwọn ti lè rí aránṣọ mìíràn.