Iṣẹ́ Tí Mo Fi Ohùn Rán sí Òdìkejì Odò

Táyà iwájú ọkọ̀ wa ti gun orí afárá kí n tó gbọ́ tí igi ké. Kì í ṣe pákó òkè ló ké. Ìtì igi ńlá tó gbé afárá dúró nísàlẹ̀ ni, ó sì dún bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ igi ìdáná lórí orúnkún. Ọkọ̀ tẹ̀ sápá ọ̀tún, níbi tí mo jókòó sí. Mo rí omi lábẹ́ fèrèsé mi.

"Mùfú, padà!" ni mo kígbe sí dírẹ́bà wa.

"Kí lẹ rò pé mò ń ṣe?" ni ó dáhùn. "Akọ̀wé, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ má tilẹ̀ mí!"

Ọlọ́run ló yọ wá. Ọkọ̀ fi ẹ̀yìn rìn padà sórí ilẹ̀, mo bọ́ sílẹ̀, mo sì jókòó sínú koríko tútù.

Ilé iṣẹ́ gaàrí kan lágbègbè Akanran ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí, ṣùgbọ́n ẹnu ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ju kálàmù lọ. Èmi ni mò ń sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀ wá kó ẹ̀gẹ́ wọn, tàbí pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, kí wọ́n má tíì wú u, nítorí ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú kì í pẹ́ tó fi ń bàjẹ́. Ní abúlé òdìkejì odò, ìpè kì í sábà wọlé. Fóìsì la ń lò: màá sọ̀rọ̀ sínú fóònù, màá fi ohùn náà ránṣẹ́, yóò sì dúró de onítọ̀hún títí fóònù rẹ̀ á fi rí nẹ́tíwọ̀kì. Bàbá Ràfíù, olórí àwọn àgbẹ̀ náà, a máa so fóònù wọn kọ́ ojú fèrèsé, nítorí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ń dé nínú agboolé wọn. Ibòmíràn tó tún wà ni orí òkè tí wọ́n máa gùn kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí odò.

Máníjà wa, Màmá Adéọlá, ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi fóìsì ránṣẹ́. "Àgbà lò ń bá sọ̀rọ̀," ni wọ́n máa ń wí. "Kí wọn tilé tọ̀nà kí o tó dárúkọ ẹ̀gẹ́." Mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Màá kí wọn kú òwúrọ̀, kú iṣẹ́ oko, kú ìtọ́jú ọmọ. Màá bèèrè ìyálé àti ìyàwó, màá sì ṣàdúrà kí òjò má pọ̀ jù, kí ó má sì wọ́n jù. Àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àwọn mìíràn a máa tún un gbọ́.

Lọ́jọ́ náà, àwọn àgbẹ̀ òdìkejì ti háyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan láti kó ẹ̀gẹ́ tí ọkọ̀ wa kò ní lè gbé. Mo mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ á kún un, àwọn obìnrin á sì jókòó lé e lórí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà tiwọn sọ̀ wá sí afárá, awakọ̀ a sì máa sáré bọ̀ kí ó lè rí agbára gun òkè tiwa. Odò kún. Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ kò lè gbọ́ igbe wa, a kò sì lè sọdá lọ dí ọ̀nà. Mùfú ń gé ẹ̀ka igi dí apá tiwa, èmi fa fóònù yọ.

Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n ohun tó ti mọ́ ẹnu lára kì í tètè kúrò níbẹ̀. "Bàbá wa, ẹ kú ọjọ́ òní, ẹ kú òjò àná..." Mo kí wọn kárí ilé, mo ṣàdúrà fún wọn, kí n tó wá sọ pé afárá ti kán. Kò pẹ́ tí mo fi í ránṣẹ́ tí àmì yọ pé wọ́n ti ṣí i. Mo mí kanlẹ̀.

Ni fóònù bá dún. Bàbá Ràfíù ni.

"Akọ̀wé! Àmín o! Gbogbo ilé ló ṣe àmín."

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ti..."

"Mi ò tíì gbọ́ ọ tán o, wọ́n ń pè mí sínú ọkọ̀. Tá a bá débẹ̀, wàá fi ẹnu ara rẹ parí ìyókù."

Ìpè já. Mo pè padà títí, kò wọlé.

"Mùfú, wọn ò gbọ́! Wọ́n ti ń bọ̀!"

"Ẹ tún un sọ! Ṣùgbọ́n ẹ fi ìyálé sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí!"

Orí òkè yẹn nìkan ló kù tí ohùn mi ti lè bá wọn. Mo kẹ̀yìn sí odò kí ariwo omi má bàa wọ inú fóònù, mo sì sọ pé: "Ẹ má gun afárá! Ó ti kán. Ẹ dúró lórí òkè. Akọ̀wé ni. Ẹ má gun afárá!" Kò sí ẹ kú kankan nínú rẹ̀.

Láìpẹ́, a gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń gun òkè. Mùfú bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń jù ú fìrìfìrì. Ẹ́ńjìnnì náà ké, ó tún ké, ó wá dákẹ́.

Ẹsẹ̀ ni Bàbá Ràfíù fi sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí odò, fóònù lọ́wọ́, ìbínú lójú.

"Akọ̀wé! Ṣé inú ilé kan náà la jọ sùn ni? Kò kí mi, kò bèèrè mi, ó ń pàṣẹ fún mi bí ṣọ́jà!"

"Ẹ má bínú, Bàbá! Ẹ wo abẹ́ afárá!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó. Ìdajì ìtì igi náà ti bá omi lọ. Wọ́n ṣí fìlà lórí.

"Orí èyí la fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ gbà?" Wọ́n wá gbé ohùn sókè. "Akọ̀wé, lọ́jọ́ tí ikú bá wà lọ́nà, má kí mi! Tí mo bá yè é, màá wá gba ìkíni mi nílé yín."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ kú ewu, ẹ kú orí ire..."

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀!"

Mùfú rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́ náà ló yí iṣẹ́ mi padà. Màmá Adéọlá gbà pé ìkíni kò gbọdọ̀ ṣáájú mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí inú àgbà kankan bàjẹ́, la bá jọ wá ọ̀nà: "Akọ̀wé ni, láti ilé iṣẹ́ gaàrí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣáájú, ìkíni ń bọ̀ lẹ́yìn." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni màá sọ, àti ohun tí wọn máa ṣe sí i, màá sì tún un sọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni màá wá kí wọn. Mo kúrò nítòsí ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rù ni mo ń lọ gba ohùn mi sílẹ̀, màá sì gbọ́ ọ kí n tó jẹ́ kí ó lọ. Ìyá Sùlíà, tí oko wọn wà létí odò, sọ fún mi pé, "Ìsàlẹ̀ fóìsì rẹ ló dùn, bí ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀ tí ẹran wà."

Ní gbogbo ìgbà òjò náà, ọ̀nà jíjìn mìíràn ni àwọn àgbẹ̀ òdìkejì ń gbà. Tí òjò bá rọ̀, wọn kì í gbéra láìgbọ́ ohùn mi pé ọ̀nà náà ṣeé gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà mí lójoojúmọ́ pé ẹnìkan lè fi ìkánjú gba orí afárá yẹn. Ọlọ́run ṣọ́ wọn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n fi kọnkéré ṣe afárá tuntun. Lọ́jọ́ tí wọ́n yí àwọn dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí ọ̀nà kúrò, mo kọ́kọ́ jẹ́ kí ọkọ̀ tó kó òkúta sọdá níṣojú mi, kí n tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo dé àárín, mo fa fóònù yọ.

"Akọ̀wé ni. Afárá ti ṣí. Ẹ máa kó ẹ̀gẹ́ bọ̀."

Mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. N kò tíì dé òdìkejì tí ọkọ̀ àkọ́kọ́, tó ti ń dúró de ohùn mi, fi yọ lórí òkè, àwọn obìnrin lórí ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń juwọ́ sí mi. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n lè kọjá.