Páálí Kásẹ́ẹ̀tì Tí Mo Gbé Fún Ẹgbẹ́ Olùkọ́

Ojú mi yìí ni mo fi rí gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bá yín ní Ashanti New Town ní Kumasi, tó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ bi í pé níbo ló jókòó sí lọ́jọ́ náà. Èmi mọ ibi tí mo jókòó sí: ẹ̀gbẹ́ rẹ́kọ́dà ni, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí wọ́n ń jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.

Ìwé kẹta péré ni mo kà kí bàbá mi tó mú mi lọ kọ́ṣẹ́ rédíò. N kò tijú rẹ̀. Ní Race Course tí ṣọ́ọ̀bù mi wà, àwọn tó kàwé títí tí wọ́n fi ń lo awò ojú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé rédíò tó ti kú wá, tí màá sì jí i fún wọn. Nígbà tí àwọn olùkọ́ èdè ní Kumasi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n fẹ́ máa fi rẹ́kọ́dà kọ́ ọmọ ní Faransé, Twi, Hausa àti Yorùbá, ta ni wọ́n fẹ́ wá bá? Èmi náà ni. Olùkọ́ Faransé ni alága wọn, obìnrin Asante kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán. Ó ní, "Wofa, ọ̀fẹ́ ni o." Mo ní ta ló béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀? Wofa ni wọ́n ń pe arákùnrin ìyá ẹni ní Twi. Bó ṣe ń pè mí bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn tíṣà dùn mọ́ mi.

Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, mo máa ń gbé rẹ́kọ́dà lọ sí kíláàsì tí wọ́n ń yá lò ní Ashanti New Town. Kì í ṣe gbígbé nìkan. Èmi ni ohùn Yorùbá inú kásẹ́ẹ̀tì wọn. "Èyí ni orí. Èyí ni ojú. Ẹ tún un wí." Àwọn ọmọ wa tí a bí síbẹ̀, tó jẹ́ Twi ni wọ́n fi ń ṣeré tí wọ́n sì fi ń jà, ohùn mi ni wọ́n fi kọ́ bí a ṣe ń kí àgbà. Èmi náà ni mo ṣòfin fún wọn. Kásẹ́ẹ̀tì àlòkù là ń lò, torí tuntun wọ́n. Mo ní bí ẹ bá ka ẹ̀kọ́ tán, ẹ má tẹ ẹ̀rọ pa. Ẹ dákẹ́, kó máa gbohùn lọ, kó sì máa pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, títí tépù yóò fi tán, kí orin àti wáàsí àtijọ́ má baà yọ sí àwọn ọmọ létí. Alága kọ ọ́ sójú pátákó. Òfin Wofa nìyẹn.

Nílé wa ní Moshie Zongo, kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin wà tí n kì í yá ẹnikẹ́ni. Màámi ló sọ̀rọ̀ sínú wọn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ènìyàn wa kúrò ní Ghana. Màámi kò mọ̀wé, nítorí náà ẹnu ló fi kọ lẹ́tà rẹ̀. Ó ki àbúrò náà ní oríkì, ó dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ dàgbà nínú àgbàlá wa, ó sọ bí àwọn òbí wọn ṣe rìn wá sí Kumasi. Níbì kan àkùkọ kọ, ó sì bú sẹ́rìn-ín. À ń wá ẹni tí yóò kó wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ọlọ́jọ́ dé bá Màámi. Mo ránṣẹ́ sí àǹtí mi pé n kò ní í fi kásẹ́ẹ̀tì yìí rán ẹnikẹ́ni mọ́, ìgbà tó bá wá fúnra rẹ̀ ni yóò gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Iṣẹ́ rédíò kò kọ́ mi ní ìwé kíkọ, nítorí náà mo mú ọ̀dà èékánná ìyàwó mi, mo fi sàmì pupa sí ara ilé oníke tí a ń ki kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan bọ̀.

Ibi tí ọkùnrin kan ti wọlé dé nìyí. Kumasi ni wọ́n bí òun náà sí, ó lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Nigeria, ó dé, ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í ní ẹyọ ìdọ̀tí kan. Ó kà díẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan báyìí, gbogbo kíláàsì yíjú sí i. Ohùn náà dùn, ṣé kí n purọ́ ni? Ó dùn, inú sì bí mi. Kó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ọmọ ti ń sín in jẹ ní Race Course. Ọmọ mi obìnrin, nínú ilé tèmi, ń gbálẹ̀, ó ń fi ohùn ọkùnrin yẹn wí pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi." Mo ní kó pa ẹnu mọ́, kó gbálẹ̀. Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín níbi ààrò.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀ ń jowú."

"Jowú ta ni? Ẹni tí kò mọ inú rédíò yàtọ̀ sí inú páànù?"

Ohun tó tún ń bí mi nínú ni pé ó ń bọ̀wọ̀ fún mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní rẹ́kọ́dà yẹn, ó wúwo." Ìjà ni mo ń wá, kò jẹ́ kí n rí i.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, alága ní ẹgbẹ́ fẹ́ ka gbogbo ẹ̀kọ́ tuntun, kò sì sí kásẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin yẹn dìde, ó mú méjì kalẹ̀, tuntun, ọ̀rá ṣì wà lára wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé ó gbé mọ́tò wá. Èmi náà dìde.

"Méjì? Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, odindi páálí ni màá gbé wá!"

"Wofa, medaase paa!" ni alága wí, ó ń dúpẹ́ gan-an. Mo rí i pé ọkùnrin yẹn náà ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì ilé jọ sórí ẹní. Páálí kò gbà wọ́n, nítorí náà mo yọ gbogbo wọn kúrò nínú ilé wọn, kíákíá, torí mo fẹ́ débẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Ti Màámi ńkọ́?" ni ìyàwó mi béèrè.

"Ta ni yóò kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì? Àmì pupa wà, màá rí i."

Ilé wọn ni àmì pupa wà, kò sí lára kásẹ́ẹ̀tì fúnra wọn. Àwọn ilé náà sì ti dojú bolẹ̀ ní ìhà kejì ẹní.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi ju tirẹ̀ lọ, èyí dájú. Wọ́n fi mí sí iwájú. Lẹ́yìn náà ni alága ní, "Wofa, ohùn rẹ dára o, ṣùgbọ́n jẹ́ kí tíṣà ka Yorùbá lọ́tẹ̀ yìí." Ó dùn mí dé egungun. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn mọ̀ pé ohùn lásán ló ní, èmi ni mo ni kásẹ́ẹ̀tì. Mo wo inú páálí, mo ṣa mẹ́rin tí tépù wọn kò tíì gbó rárá, mo gbé wọn sókè kí wọ́n rí i. Wọn kò gbó nítorí pé n kì í yá ẹnikẹ́ni. N kò ro ìyẹn nígbà náà.

Ọwọ́ mi ni mo fi tẹ ẹ̀rọ. Tíṣà ka ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀, ó tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí a tẹ̀ ẹ́ pa?"

"Òfin ni òfin. Jẹ́ kó tán."

Gbogbo wa dákẹ́, tépù ń yí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lójú méjèèjì. Mo jókòó ti ẹ̀rọ, mò ń wò ó bó ṣe ń yí.

Nígbà ọyẹ́, àǹtí mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, arúgbó tó di ọ̀pá mú. Kò tíì mumi tó fi ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, jẹ́ kí n gbọ́ ọ." Mo mú ilé kásẹ́ẹ̀tì alámì pupa. Òfìfo ni. Èkejì, òfìfo. Mo sáré dé Ashanti New Town, alága kó kásẹ́ẹ̀tì Yorùbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún mi, mo sáré padà. Mo rò pé ohùn Màámi lè ṣẹ́ kù díẹ̀ síbì kan. Àǹtí mi gbé etí sún mọ́ rẹ́kọ́dà. "Èyí ni orí. Èyí ni ojú." Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo ṣíì, ṣíì, títí dé òpin. Ó dúró de gbogbo rẹ̀, ojú kìíní, ojú kejì, kásẹ́ẹ̀tì kan tẹ̀ lé òmíràn. Òfin mi kò fi ohunkóhun sílẹ̀.

Nígbà tó yá, ó nu ojú rẹ̀. "Ọkùnrin wo nìyí? Ohùn rẹ̀ mà dùn o."

Ohun tó sọnù nìyí: kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ojú mẹ́jọ. Oríkì kan, tí n kò kọ́ sórí. Orúkọ àwọn tí wọ́n jọ dàgbà ní àgbàlá wa, n kò mọ iye wọn. Ìtàn bí wọ́n ṣe rìn wá, ẹyọ kan. Àkùkọ kan. Ẹ̀rín Màámi, ẹ̀ẹ̀kan.