Onídìrí Wọ́ọ̀dù Kẹrin

Ìyá Olóòyà ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin onídìrí yìí, torí pé òòyà kì í kúrò nínú irun òun fúnra rẹ̀, bí ẹní fi pẹ́ńsù há etí. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ náà yá. Ó ti lé lógún ọdún nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ju àga mẹ́ta àti dígí kan lọ. Ó máa ń sọ pé àtàrí obìnrin ni òun fi ń mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: "Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo, awọ orí rẹ̀ á le bí awọ bàtà."

Òun kò bímọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ló bí ọmọbìnrin kan, àwọn méjèèjì sì ń tọ́ ọmọ náà bí ẹni pé wọ́n jọ lóyún rẹ̀ ni. Aláròyé ni wọ́n ń pè é, nítorí látìgbà tó ti mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ẹnu rẹ̀ kò sinmi rí. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́ ṣáá. Ibà mú un, kò lọ. Eegun ẹsẹ̀ ń dùn ún. Tó bá ń fọ eyín, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó wá ní kí ìyá ọmọ kọ́kọ́ jókòó ná. Tí dókítà bá ti ní kéèyàn jókòó ná, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni.

Bí wọ́n ṣe dé wọ́ọ̀dù kẹrin nìyẹn. Ibùsùn méjìlá ló wà níbẹ̀, ìyá kọ̀ọ̀kan sì ní àga onírọ́bà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Orí àga yẹn ni wọ́n ti ń jẹun, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń tòògbé, orí rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wo oògùn tó ń kán tó, tó, tó, wọnú iṣan ọmọ wọn.

Kò pé oṣù kan tí oògùn náà fi kó irun orí Aláròyé lọ.

"Àǹtí àgbà, orí mi ti di bọ́ọ̀lù," lọmọ náà wí nígbà tí Ìyá Olóòyà wá kí i.

Ìyá Olóòyà fa òòyà yọ, ó rọra fi ẹ̀yìn rẹ̀ ra orí tó ń dán náà. "Háà! Irun yìí mà le o! Ó fẹ́ kán mi lóòyà."

Ọmọ rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Irun tirẹ̀ ti lọ́ pọ̀ mọ́ra lábẹ́ síkáàfù, kò fọwọ́ kàn án láti bí oṣù méjì.

"Jẹ́ kí n bá ẹ tú u," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Orí ọmọ mi pá, kémi wá máa ṣe irun? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó?"

Aláròyé tún dá sí i. "Màámi, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Èmi ni mo máa máa wò ó."

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, níbi tí àwọn ìyá ti ń fọ ife. Ibẹ̀ ni Ìyá Olóòyà ti fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ irun náà, tó ń tú u díẹ̀díẹ̀ látorí ṣóńṣó títí dé ìdí. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀, àbúrò rẹ̀ bú sẹ́kún. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun láti sùn. Ó ní nígbà míì, òun máa ń bínú sí àwọn ọmọ tára wọn dá tí wọ́n ń sáré kọjá lójú fèrèsé. Ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ lójúkojú ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó sùn lọ lórí ìjókòó.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá ọmọ tó wà ní ibùsùn keje ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè bá mi fọwọ́ kan orí tèmi náà?" Nígbà tí oṣù fi máa parí, wọ́n ti di mẹ́fà. Gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Ìyá Olóòyà ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Ohun kan ṣoṣo tó kọ̀ ni kí ẹnì kan sọ fún ẹlòmíì pé kó má sunkún. "Ẹkún kì í ba irun jẹ́," ni yóò wí, á sì máa yarun lọ.

Ní oṣù kẹjọ tí wọ́n ti wà ní wọ́ọ̀dù, ara Aláròyé tún gbóná fún ọjọ́ méjì, ìyá rẹ̀ kò sì fojú ba oorun. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ara ọmọ rọlẹ̀ díẹ̀. Ó bá nọ́ọ̀sì jiyàn lórí mílíìkì, ó sì sùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n má lọ lónìí."

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Ọmọ ń sùn. Wo ojú ẹ bó ṣe rí." Ìyá Olóòyà fà á lọ́wọ́ dìde.

Ó ti di irun náà dé ìdajì nínú yàrá kékeré náà, àbúrò rẹ̀ sì ti sùn fọnfọn, nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré. Nọ́ọ̀sì àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ìyá ọmọ, ó sì mi orí. Ìyá Olóòyà mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú irun àbúrò rẹ̀. Ó wò ó bó ṣe ń sùn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

"Mo ní kí n má lọ!" ni àbúrò rẹ̀ ń ké káàkiri wọ́ọ̀dù, irun rẹ̀ dì lápá kan, ó tú lápá kejì. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n wá! Ẹ̀yin ni!"

Lẹ́yìn ìsìnkú, kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá Olóòyà kò lọ sí wọ́ọ̀dù mọ́. Ó ṣì ń ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ló ń jókòó sí.

Oṣù mẹ́fà kọjá kí nọ́ọ̀sì àgbà tó wá a wá. "Mà, ẹ̀jẹ̀ ló ya nínú ọpọlọ ọmọ náà lójijì. Bí ìyá rẹ̀ tilẹ̀ jókòó tì í, kò sí ohun tó lè ṣe."

"Ì bá di ọwọ́ rẹ̀ mú."

Nọ́ọ̀sì fa àga kan, ó jókòó. Ó ní, "Àwọn ìyá ń béèrè yín."

Ìyá Olóòyà padà lọ, ṣùgbọ́n kò wọ yàrá kékeré yẹn mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ló ń gbé omi lọ. Á yí àga ìyá síbi tí ojú rẹ̀ á ti máa wo ọmọ, á sì wá ẹnì kan tí kò ní ṣe iṣẹ́ míì ju kó máa ṣọ́ èémí ọmọ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, ó tú síkáàfù. Dídì ọjọ́ náà ṣì wà lápá kan, ó ti gbó. Apá kejì ti lọ́ pọ̀ mọ́ra.

"Ẹ gé e."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ìyá Olóòyà gé e, omijé ń bọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kò wo dígí. "Mi ò tíì dárí jì yín o. Kí ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n ní ẹ ń wá ẹni tó máa ṣọ́ ọmọ."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá a lọ sí wọ́ọ̀dù, kò lè lo wákàtí kan. Ó dìde, ó sì lọ sílé. Lọ́sẹ̀ kejì, ó jókòó. Látìgbà náà, òun ló ń sọ fún àwọn ìyá pé, "Sùn. Ojú mi ò ní kúrò lára ẹ̀. Bí èémí ẹ̀ bá yí padà bín-ín-tín, màá jí ẹ." Wọ́n sì ń sùn, torí pé wọ́n mọ ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ọmọ mìíràn ń lọ sílé, ọmọ mìíràn kì í lọ. Ìyá Olóòyà ti bẹ àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọjọ́ tí Aláròyé kú. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, omi yín ti ń tutù. Ìyá ibùsùn kẹta ń dúró."